Rílè Mẹ́rìndínlógún Nínú Yàrá Àwọn Ọmọ Tuntun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé

Ooru ti mú kí n tó wọ bàtà láàárọ̀. Yàrá tuntun tí a ṣí fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ti lo ọ̀sẹ̀ kan. Àpótí ooru mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún nínú wọn lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba iṣẹ́ wáyà rẹ̀, ọmọ ìyá mi gan-an, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ iná. Èmi tí mo jẹ́ ẹlẹ́ńtíríkà ilé ìgbẹ̀bí yìí ni mo yẹ iṣẹ́ náà wò, tí mo sì fọwọ́ sí i pé ó dára. Dókítà àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní ìdílé wa mọṣẹ́. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Lónìí mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí gbogbo wáyà ibẹ̀ parí sí, imú mi gbọ́ òórùn kan, bí ìgbà tí rọ́bà bá sún mọ́ iná jù. Mo dúró, mo tún fà á símú, kò sí mọ́. Mo ní bóyá oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Kì í ṣe oògùn ilẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ló wá bá mi pé àpótí karùn-ún ń dín nǹkan. Mo ní kí ló ń dín. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí wọ́n da ẹja sínú òróró ló ń dún.

A gbé ọmọ inú rẹ̀ lọ sínú òmíràn, mo pa iná ibẹ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Rílè méjì, súìsì tí kì í ṣe ọwọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, ló wà fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Èkínní ló ń tan ooru tó sì ń pa á, bí ara ọmọ bá ṣe ń tutù tàbí tó ń gbóná. Èkejì jẹ́ ẹ̀ṣọ́: bí èkínní bá kọ̀ tí kò pa iná, èkejì á pa á. Mo tú èkínní. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì, níbi tí irin ti ń kan irin, ti dú bí ìdí ìkòkò, wọ́n sì ti jẹ ara wọn ní kòtò-kòtò. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Irú nǹkan tó yẹ kó lo ọdún mẹ́wàá.

Mo yí i padà, mo wọ awò ojú mi, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ó lè gbé igba fóòtì ó lé àádọ́ta tó bá jẹ́ iná A.C., irú ti jẹnẹrétọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré: D.C., ọgbọ̀n fóòtì. Ọgbọ̀n péré. Bátìrì mẹ́jọ tó ń bọ́ àwọn àpótí la so pọ̀ sí ẹ̀yìn ilé, fóòtì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, D.C. pọ́nbélé.

Mo tú èkejì. Irú kan náà. Mo ṣí ti àpótí kìíní, ti ìkejì, ti ìkẹta, títí mo fi dé ìkẹjọ. Mẹ́rìndínlógún, kò sí èyí tó yàtọ̀.

Kì í ṣe rílè ló rí mi lára. Ọwọ́ ara mi ni. Lọ́jọ́ tí mo yẹ iṣẹ́ wò, mo tan gbogbo rẹ̀, ó tàn; mo pa á, ó kú; mo fọwọ́ sí ìwé. Mi ò ṣí ìdérí kan. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe iṣẹ́ yẹn, ǹ bá tú u palẹ̀ títí dé orí ìṣó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é, mo sì wo ojú wọn dípò kí n wo iṣẹ́ wọn.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Bàbá àwọn ọmọ mi ní mo ti ń gbó mọ́ gbogbo ènìyàn láti ìjẹta, kí ló ṣe mí. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n, wọn kì í gba ìdáhùn àbọ̀. Mo bá jókòó, mo ṣàlàyé.

Mo ní iná A.C. a máa lọ a máa bọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ó ti dúró láti yí padà bí ìgbà ọgọ́rùn-ún. Tí ẹnu rílè bá là, tí iná bá fò láàárín ẹnu méjèèjì, kì í pẹ́ kú, torí ohun tó ń bọ́ ọ ti dúró. Iná bátìrì kì í dúró. Ọ̀nà kan ló ń lọ, kò sì mọ ìsinmi. Tí ẹnu bá là, iná á máa fò láàárín wọn, á máa sun wọ́n, títí wọn á fi jóná tàbí kí wọ́n yọ́ lẹ̀ mọ́ra. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra báyẹn, o lè pa súìsì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ooru náà ò ní kú.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mọ èyí?"

Mo ní, "Àwọn ni wọ́n kọ́ mi."

Wọn kò jẹun mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n dé ní aago mọ́kànlá, lọ́fínńdà ṣáájú wọn wọlé. Aṣọ wọn ta, bàtà ń dán. Wọ́n kí gbogbo nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá aṣọ́nà ṣàwàdà. Nígbà tí a dé iwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo na rílè tó jóná sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní òun ti rí i.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀."

Wọ́n ní, "Àbúrò mi, rílè ni rílè. Ó ń tàn, ó ń kú. Kí lo tún ń fẹ́?"

Mo ní kì í kú mọ́, ọ̀kan ti ń dín bí ẹja. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe nǹkan yìí ló ń kọ ìkọkúkọ sí i kí wọ́n lè ta èyí tó gbówó lórí, pé owó ẹyọ kan èyí tí mò ń wá á ra mẹ́fà irú èyí. Wọ́n ní òun ti bá ẹnì kan sọ ọ́, ti D.C. ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé kí n fara balẹ̀. Wọ́n yọ rílè méjì tuntun nínú àpò, wọ́n fi rọ́pò ti àpótí karùn-ún. Irú kan náà. Mo rí i. Mo dúró síbẹ̀, mo mú tọ́ọ̀ṣì dání fún wọn.

Mètírọ́nì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, kọjá, wọ́n béèrè bóyá ó ti tán. Mo ní, "Wọ́n ti ṣe nǹkan sí i."

Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Mo ti ń sọ gbólóhùn náà fún ara mi láti ọ̀sán. Ó ń rùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ọmọ mẹ́fà. Wọ́n ti gbé ọmọ tuntun sínú àpótí karùn-ún. Mo lọ gbọ́ òórùn kọ́bọ́ọ̀dù ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, aránṣọ tó bí ọmọbìnrin inú àpótí karùn-ún wá fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni, kò tíì tó kílò méjì. Fèrè ìkìlọ̀ àpótí náà ti dún láàárọ̀, nọ́ọ̀sì sì pa á, nítorí pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń dún láìnídìí, ìgbà mẹ́fà, ìgbà méje lójúmọ́. Mi ò lè bá nọ́ọ̀sì wí. Iná tó ń fò lẹ́nu rílè ló ń da fèrè náà láàmú, èmi ló sì yẹ kí n mọ̀.

Aránṣọ náà ti ọwọ́ bọ inú àpótí, ó fà á jáde kíá. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí."

Nígbà tí mo sáré dé, wọ́n ti gbé ọmọ jáde. Ara rẹ̀ pupa láti ẹ̀yìn dé ìtàn, ẹnu rẹ̀ là, kò ní agbára ẹkún. Mo yí bọ́tìnì àpótí náà pa. Ooru kò lọ. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ìdí sukurudírà gbá rílè kìíní, ó lẹ̀ pátápátá. Mo gbá ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà ti lẹ̀. Àwọn méjèèjì tí ẹ̀gbọ́n mi fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo já súìsì ńlá ti bátìrì bọ́lẹ̀. Gbogbo àpótí mẹ́jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo padà wá sọ fún Mètírọ́nì pé mi ò lè tan ọ̀kankan mọ́, pé kò sí èyí tó ṣeé fọkàn tán. Ọmọ mẹ́fà wà níbẹ̀, òtútù lè pa wọ́n bí ooru ṣe lè pa wọ́n. Mètírọ́nì yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì.

"Ẹ pe àwọn ìyá wọn wá. Àyà ni wọ́n ń lọ."

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti tú bọ́tìnì ẹ̀wù àwọn ìyá, wọ́n to àwọn ọmọ sí wọn láyà, ara kan ara, wọ́n fi aṣọ gbà wọ́n mọ́ra. Ìyá ọmọ kan kò tíì lè dìde, ìyá-ìyá ọmọ náà ló bọ́ ẹ̀wù tí wọ́n so ó mọ́ láyà. Ọmọ aránṣọ nìkan ni dókítà gbé lọ sí yàrá kejì láti mú ara rẹ̀ tutù díẹ̀díẹ̀.

Mo tú rílè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sínú ike. Lẹ́yìn náà mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, mo sọ fún wọn pé ọmọ kan jóná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ọmọ náà wà láàyè. Ó mu wàrà lẹ́ẹ̀mejì. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó.

Dókítà àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n béèrè ta ló so wáyà yẹn, mo sọ. Wọ́n béèrè ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé mo ṣí i. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, kí n má bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ìgbà tí mò ń jáde ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbé ẹ̀rọ ooru kan jáde sí àgbàlá, mo fa wáyà bátìrì mẹ́jọ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú àwọn rílè tí kò tíì bàjẹ́, mo gé ìdérí rẹ̀ kúrò kí ènìyàn lè rí ẹnu rẹ̀. Mo pe Dókítà àgbà àti Mètírọ́nì. Mo so ó mọ́ iná jẹnẹrétọ̀ ná, iná A.C., mo sì ń tan án, mo ń pa á. Ẹ̀ta iná kékeré kan báyìí, ó ti lọ. Mo wá yí i sórí bátìrì.

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, iná aláwọ̀ aró kan dúró láàárín méjèèjì, ó tẹ bí afárá, ó ń dún ṣìì. Kò kú. Mètírọ́nì fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo tan án ní ìgbà kọkànlá, kò là mọ́.

Dókítà ní, "Nǹkan yìí ló wà lórí àwọn ọmọ yẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún ní rílè yìí fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù, tí a bá gbé e sórí pọ́ǹpù omi tó ń lo iná jẹnẹrétọ̀, á pẹ́ ju èmi lọ. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ẹ̀gbọ́n ti débẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n ti rojọ́ tiwọn. Ohun tí Màmá gbọ́ ni pé àṣìṣe kékeré kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, pé èmi fẹ́ fi ba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n lè gba oyè lọ́dọ̀ dókítà. Mo ṣàlàyé ti ọmọ náà. Màmá sunkún nítorí ọmọ, wọ́n sì tún sunkún nítorí ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn ti fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ.

Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́ ni mo bí."

Mo ní mo mọ̀, Màmá. Mi ò mu omi tí wọ́n bù fún mi tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ooru burúkú. Fáànù ọ́fíìsì mi kàn ń da ooru láàmú ni.

Ẹ̀gbọ́n wá láìpè. Lọ́fínńdà náà. Wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n mú ìwé kan jáde tí wọ́n ti tẹ̀, ó kù kí n fọwọ́ sí i. Mo kà á. Ó ní èmi, ẹlẹ́ńtíríkà ilé ìgbẹ̀bí, rí i pé eku ló jẹ wáyà àpótí karùn-ún tí ooru rẹ̀ kò fi kú mọ́.

Mo ní, "Eku wo?"

"Eku èyíkéyìí. Ta ló máa bi eku léèrè?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Mo wo eyín wọn. Láti kékeré ni mo ti mọ ẹ̀rín yẹn, òun ni wọ́n máa ń rín kí Bàbá wa má baà nà wá. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè kórìíra ẹ̀rín.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn jóná lẹ́yìn."

Wọ́n ní, "Kò kú."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ò rọ̀. Gbogbo ara mi kọ̀ wọ́n. Àga tí wọ́n jókòó lé, tábìlì tí wọ́n gbọ́wọ́ lé, mo fẹ́ fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde lórí àga mi. Wọ́n rò pé mò ń ṣeré. Mo tún un sọ. Wọ́n dìde, wọ́n ká ìwé wọn, wọ́n ní èmi náà fọwọ́ sí iṣẹ́ yẹn o, pé tí òun bá rì, a jọ ń rì ni.

Ibi yẹn nìkan ni wọ́n ti sọ òótọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́ta. Orúkọ tèmi ló ṣáájú: pé n kò ṣí ìdérí kankan kí n tó fọwọ́ sí i, pé mo rí i lọ́jọ́ kẹfà, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi irú kan náà rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, pé n kò sọ fún Mètírọ́nì. Lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi í sí ọwọ́ Dókítà àgbà fúnra mi.

Bàbá àwọn ọmọ mi kà á ṣáájú. Wọ́n tún ọ̀nà tí mo gbà kọ ọ̀rọ̀ méjì ṣe. Wọ́n fọ abọ́ lónìí, ohun tí wọn kì í ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Àwọn ìyá ṣì ń gbé ọmọ wọn sáyà, tọ̀sán tòru, wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Ọkọ obìnrin kan bọ́ ẹ̀wù láàárọ̀ yìí, ó gba ọmọ rẹ̀ sáyà kí ìyàwó lè sùn. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò. Gbogbo ọmọ ló sanra díẹ̀ sí i. Mètírọ́nì ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní tí àpótí bá tiẹ̀ tún ń ṣiṣẹ́, àwọn ò ní dá èyí dúró.

Mo wọlé bá wọn tìtìjú-tìtìjú. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ ra rílè tó yẹ, èyí tí wọ́n ṣe fún D.C., tó ní òòfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tó ń fa iná tó bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè já kú. Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà iná ní yóò gba ọjọ́ mẹ́fà kó tó dé. Ó mọ̀ mí mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun sọ fún un lọ́jọ́ tó wá rà á pé rílè A.C. yẹn kò yẹ fún bátìrì, ẹ̀gbọ́n mi sì ní òun mọ̀. Ó wá ní, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí, "Ó kó gbogbo ohun tí mo ní. Méjìlélọ́gbọ̀n."

Mẹ́rìndínlógún wà nínú ike lọ́fíìsì mi. Mo tún yọ méjì àtijọ́ tó pààrọ̀ kúrò. Ó ku mẹ́rìnlá.

Mo dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà nínú oòrùn, mò ń kà á lórí ìka bí ọmọ ilé-ìwé. Mo pe ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbé e. Mo pe ìyàwó wọn. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí kan wà lódìkejì odò tí ẹ̀gbọ́n ṣe wáyà rẹ̀ lóṣù tó kọjá, àpótí méje.

Mo wá nọ́ńbà ilé ìgbẹ̀bí náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní òun á sọ fún ọ̀gá. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó máa sọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Afẹ́fẹ́ líle, ọkọ̀ ojú omi kò gbéra. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Dókítà àgbà náà pè wọ́n. Wọ́n ní ẹnjiníà àwọn á wò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti kún, mo bá èkejì sọdá. Ilé kékeré, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Obìnrin tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé èmi ni ẹnì kejì.

Mo ní ẹnì kejì wo.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò sí lọ́fínńdà. Ẹrùpẹ̀ ti gba ẹ̀wù wọn. Rílè mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n tò wọ́n sí ìlà. Nínú yàrá, àwọn ìyá jókòó, ọmọ láyà oníkálukú. Nọ́ọ̀sì ní ọkùnrin yìí ló ní kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó ti wọlé láti aago méje tí ó sì ń bẹ̀ wọ́n.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìyókù. Ẹnu méjì nínú wọn ti yọ́ dé ìdajì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n tó lẹ̀. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan, wọ́n sọ̀rọ̀, wọn ò wò mí.

"Mo mọ̀ nígbà tí mo rà á. Mo rò pé á tó ọdún kan, kí n wá pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá wọlé."

Mo tú èyí tó kù. Mo ní kí wọ́n mú ike wá.

Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ padà. Mo jókòó níwájú, wọ́n jókòó lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà

Rílè tuntun dé. Ó wúwo lọ́wọ́. Mo kà á lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Mètírọ́nì ní kí n ka ti àpótí karùn-ún sókè kí àwọn náà gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo tan ooru, mo sì pa á, ní ìgbà igba lórí àpótí kan ṣoṣo. Mo ṣí ẹnu rílè wò. Ó mọ́. Mo jẹun dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kejìlá.

Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìyàwó wọn: ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé mo lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fúnra òun ló lọ sí òdìkejì odò, pé kò sẹ́ni tó rán òun. Mo ní màá kọ ọ́. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Yàrá ìpàdé, ènìyàn márùn-ún lẹ́yìn tábìlì, omi nínú ike níwájú oníkálukú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lódìkejì mi. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ fúnra mi.

Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ tú rílè ilé kejì, pé kò sẹ́ni tó rán an, ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. Mo ka gbólóhùn tó tẹ̀lé e: pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ló wà láàárín ọjọ́ tó gbọ́ pé ọmọ kan jóná àti ọjọ́ tó lọ. Wọ́n tún sọ orí kalẹ̀. Mo kà á parí.

Ìgbìmọ̀ ní ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ iná ní ilé ìwòsàn kankan mọ́. Wọ́n ní èmi kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni fún ọdún kan, ẹlòmíràn ni yóò máa yẹ tèmi wò. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí Mètírọ́nì dìde sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n ti ní kí n jáde.

Ẹ̀gbọ́n dúró dè mí lẹ́nu géètì. Wọ́n na ọwọ́ láti bá mi gbé àpò irinṣẹ́ mi. Mo gbé e fúnra mi. Wọ́n ṣì ń rí mi lára. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, mo sì lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò kékeré láàárọ̀, àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Àpótí mẹ́jọ ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta péré ní ọmọ nínú, ìyókù wà láyà ìyá wọn.

Aránṣọ ń lọ sílé lónìí. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn kọjá, ó pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo ní èmi ni. Mo ń retí kí ó bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

Báàgì rẹ̀ méjèèjì ń já bọ́ léjìká, ọkọ rẹ̀ ti lọ wá ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé e dání, kí n di ẹrù mi."

Ó na ọmọ náà sí mi. Mo gbé e. Ó ti wúwo. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo àjà.